Orin "The Great Curve" ti Talking Heads: ènìyàn mẹ́rin péré ni wá, kí ni ká yọ kúrò?

OnígìtáPeckham (Ọjọ́ Ẹtì, 9:12 alẹ́)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú alẹ́ o. Ìrànlọ́wọ́ ni mo bá wá.

Ẹgbẹ́ olórin kékeré kan ni wá ní gúúsù London: èmi ni mò ń ta gìtá tí mo sì ń kọrin, ẹnì kan wà lórí béèsì, ẹnì kan lórí ìlù, ọmọbìnrin kan lórí kíbọ́ọ̀dù. Orin àwọn ẹgbẹ́ new wave àtijọ́, irú rọ́ọ̀kì kan, la máa ń kọ jù. Ọ̀rẹ́ wa kan fẹ́ ṣe ayẹyẹ àádọ́ta ọdún ní ìparí oṣù tó ń bọ̀, ó sì fẹ́ràn Talking Heads, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ yẹn láti New York, bí ojú. "Once in a Lifetime" ti wà lọ́wọ́ wa, gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Orin tí mo fẹ́ fi yà á lẹ́nu ni "The Great Curve", ìkẹta lójú kìíní àwo *Remain in Light*, ọdún 1980. Mi ò mọ ohun tó ń mú àwọn ènìyàn fò ó. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú bọ́ọ̀sì ni mo wà. Mo sọ̀kalẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan, mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó mú mi rántí àwọn ọjọ́ Àìkú tí bàbá mi máa ń gbé Fela sórí ẹ̀rọ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ nìyí. A ti dán an wò nígbà mẹ́ta, ó ń dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Tí a bá ní ká lu gbogbo ohun tó wà nínú àwo, ariwo lásán ni. Tí a bá dín in kù, ó gbẹ. Apá ìkẹyìn tí ohùn mẹ́ta ti ń kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ léra wọn, ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣubú. Kí ni ká yọ, kí ni ká mú?

AwoÀtijọ́ (Ọjọ́ Ẹtì, 10:05 alẹ́)

Àbúrò, o ṣeun tí o gbé orin yìí wá síbí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn fà á.

Ìdí tí wọ́n fi ń fò ó kò fara sin. Nígbà tí wọ́n ń yan orin tí wọ́n máa tẹ̀ jáde lọ́tọ̀, "Once in a Lifetime" ni wọ́n mú, ó sì dé ipò 14 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1981. Lẹ́yìn náà wọ́n mú "Houses in Motion". Fíìmù *Stop Making Sense* tún dé ní 1984. Orin méjì ni wọ́n kọ níbẹ̀ láti inú àwo yẹn, "The Great Curve" kò sí nínú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ fíìmù yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ ẹgbẹ́ náà títí dòní.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ti ohun tí ẹ máa yọ. Ó yẹ kí o kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n lọ sí Compass Point, ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Nassau ní erékùṣù Bahamas, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti Brian Eno tó darí ìgbohùnsílẹ̀ wọn. Wọn ò gbé orin kankan lọ. Ẹnì kan á lu nǹkan kékeré, òmíràn á fi tirẹ̀ lé e, wọ́n á ṣa èyí tó dùn jù, wọ́n á wá máa lù ú léraléra bí ẹni ń gúnyán. Nígbà tí ó bá ti pọ̀ tó lórí téèpù, wọ́n á máa ti àwọn kan pa, wọ́n á máa ṣí àwọn mìíràn lórí míksà. Bí wọ́n ṣe rí ẹsẹ àti ègbè nìyẹn, nítorí kọ́ọ̀dù kan náà ló ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. New York ni David Byrne, akọrin wọn, ti wá fi ọ̀rọ̀ sí i. Ibẹ̀ náà ni Adrian Belew ti gbé gìtá tó ń ké yẹn wá, tí Nona Hendryx sì ti gbè é.

Nítorí náà, àwọn fúnra wọn kò lè fi ènìyàn mẹ́rin lù ú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé orí ìtàgé ní oṣù Ògún 1980, níbi àjọ̀dún Heatwave nítòsí Toronto, iye wọn ti di mẹ́sàn-án. Béèsì méjì! Ẹ wá àwo *The Name of This Band Is Talking Heads* ti 1982. Orin yìí wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lójú èrò, ọwọ́ olúkúlùkù sì hàn ketekete. Ìyẹn ni kí ẹ fi kọ́ ọ, kì í ṣe ti sítúdíò.

Ọmọ_Ìlúpéjú (Ọjọ́ Ẹtì, 10:31 alẹ́)

Tony Allen, onílù Fela, ló lu ìlù yẹn. Ẹ ní kí onílù yín lọ jókòó ti iṣẹ́ Tony Allen fún ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ á tò.

AwoÀtijọ́ (Ọjọ́ Ẹtì, 10:40 alẹ́)

Rárá o. Chris Frantz ló lu ìlù lórí *Remain in Light*, ọmọ ẹgbẹ́ náà ni, òun àti ìyàwó rẹ̀ Tina Weymouth tó wà lórí béèsì. Tony Allen kò sí níbẹ̀.

Ọmọ_Àjàṣẹ́ (Ọjọ́ Ẹtì, 11:18 alẹ́)

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yẹn ti wá, ẹ má bínú sí i. Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah níbí ní Benin, tún gbogbo àwo náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì gbé e jáde ní 2018. Tony Allen lu ìlù lórí àwo *ìyẹn*. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú, ní Paris.

Ẹ̀gbọ́n onígìtá, ẹ gbọ́ ti Angélique kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ní 1983 ló fi ilé sílẹ̀ lọ sí Paris, ibẹ̀ ló ti gbọ́ "Once in a Lifetime", ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun kan láti ilé wà nínú rẹ̀. Nígbà tó wá kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó fi èdè wa sí i, ó sì ṣí i sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ohun tó dí mọ́ra nínú ti àwọn òyìnbó, tirẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún un. Àyè yẹn ni ẹ̀yin mẹ́rin nílò.

ỌmọAbẹ́òkúta (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:50 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi bó ṣe dùn mí. Orin wa ni wọ́n kó. Eno ló fi *Afrodisiac* ti Fela han Byrne, orí ìyẹn ni wọ́n sì kọ́ ilé sí. Àwo tí Fela ṣe ní London tó jáde ní 1973, Yorùbá ló fi kọ ọ́: "Jẹun Kó Kú", "Èkó Ilé". "Alu Jon Jonki Jon", àní orin inú àlọ́ Ajá ni, nígbà tí ìyàn mú tí Ajá fi ìyá rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run, tó ń kọrin kí ìyá ta okùn sílẹ̀. Ìyá tó bí mi ló pa àlọ́ yẹn fún mi. Ó di ohun tí wọ́n ń pè ní new wave ní New York. Àwo tí Byrne àti Eno gbé jáde tẹ̀ lé e ní 1981, orúkọ ìwé Amos Tutuola, ọmọ ìlú mi, *My Life in the Bush of Ghosts*, ni wọ́n fún un. Nígbà tí wọ́n ń yan orúkọ yẹn, wọn ò tíì ka ìwé náà.

Tí o bá fẹ́ kọ ọ́, kọ ọ́. Ṣùgbọ́n sọ fún àwọn àlejò ibi tó ti wá.

ÌyáẸlẹ́gbè (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:22 àárọ̀)

Ọ̀rọ̀ yín ní ìwúwo, ọmọ Abẹ́òkúta, mi ò ní gbà á lẹ́nu yín. Ti ìwé Tutuola, ó dun èmi náà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn lórí àwo yìí: wọn ò fi ibi tí wọ́n ti mú un pamọ́. Nígbà tí ó jáde, wọ́n kọ orúkọ àwọn ìwé tí wọ́n kà ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn. Ìwé John Miller Chernoff lórí ìlù ilẹ̀ Ghana wà lára wọn. Orin tí wọn ò lò, tó wá jáde nígbà tí wọ́n tún àwo náà tẹ̀ ní 2006, "Fela's Riff" ni wọ́n pè é.

Gbólóhùn tó sọ pé ìdí obìnrin ni ayé fi ń yí, nínú "The Great Curve" yìí gan-an, ẹ̀yìn ìgbà tí Byrne ka ìwé Robert Farris Thompson, *African Art in Motion*, ló kọ ọ́. Thompson yẹn, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Yale nígbà ayé rẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá ló ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tó mọ̀. Òun ló ń sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà nípa ìtutù: kí ara máa jó, kí ojú máa tutù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ẹ ti ń ṣubú, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Ohùn mẹ́ta tó ń gun ara wọn kì í dàrú nítorí pé ó le. Ó ń dàrú nítorí pé olúkúlùkù ń tẹ́tí sí ẹnìkejì, tó ń fẹ́ bá a dọ́gba. Ẹ fi gbogbo ohun èlò sílẹ̀. Ẹ dúró, ẹ máa fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ kọ ohùn tó kúrú jù, gbogbo yín, títí ó fi di ohun tí ẹ lè máa kọ tí ẹ bá ń fọ abọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan dá dúró sórí rẹ̀, kí àwọn tó kù kọ èkejì. Èyí tó ń sọ pé kí alẹ́ lẹ́ ni kí ẹ fi ṣe ìkẹta, torí ó máa ń fa ènìyàn sẹ́yìn. Má gbé gìtá lọ́wọ́ títí ẹ ó fi lè ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún láìṣubú.

Ọmọ tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù ńkọ́, ṣé ó lè kọrin?

OnígìtáPeckham (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:03 àárọ̀)

Ẹ ṣé gan-an ni, ma. Ó lè kọrin dáadáa, ohùn rẹ̀ ju tèmi lọ. Oníbéèsì wa náà lè gbè é, tí béèsì rẹ̀ kò bá ṣòro. Onílù wa kì í kọrin rárá.

Ọmọ Abẹ́òkúta, mo gbọ́ yín. Mo máa sọ ọ́ níbẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, màá sì dárúkọ Fela.

Ìbéèrè mìíràn: kí ni kí n ṣe sí ibi tí gìtá Belew ti ń ké? Ẹ̀ẹ̀mejì ló wọlé, mi ò sì lè máa kọrin kí n máa ta gìtá ègbè kí n tún máa ké bẹ́ẹ̀.

Jẹ́jẹ́LóDùn (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:40 ọ̀sán)

Èmi ò gbà pé orin tó yẹ kí ẹ kọ nìyí. Ẹ̀yin mẹ́rin, ẹ lọ mú "Listening Wind", ìkeje lórí àwo náà. Òun gan-an ni wọ́n gbàgbé jù. Ìwọ̀nba ohun èlò, ìrìn jẹ́jẹ́, ohùn kan. Peter Gabriel kọ ọ́ ní 2010 láìsí ìlù òyìnbó kankan níbẹ̀, ó sì dúró dáadáa. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ fi agbára gbé òkúta tó jù yín lọ?

ÌyáẸlẹ́gbè (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:58 ọ̀sán)

Orin dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí àwọn àjèjì gba ilẹ̀ rẹ̀, tó wá ń fi bọ́ǹbù ránṣẹ́, ni wọ́n fi "Listening Wind" sọ ìtàn rẹ̀. Ọjọ́ ìbí ni ọmọ yìí ń lọ.

Jẹ́jẹ́LóDùn (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:10 ọ̀sán)

Òótọ́ lẹ sọ, ma. Mi ò ro ti ọjọ́ ìbí mọ́ ọn. Ó ṣì yẹ kí ẹni tó bá ń ka ibí yìí lọ gbọ́ ọ.

ỌmọÀyàn (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:36 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé àyàn ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti lu ìlù òyìnbó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ jùjú fún ọdún pípẹ́, nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́ gùn díẹ̀.

Mo gbọ́ orin náà ní òwúrọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹfà. N kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ kì í ṣe Fela tààrà. Fela máa ń fara balẹ̀, á jẹ́ kí ìlù rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí ó tó ya ẹnu. Èyí ń sáré, kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ààbọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìlànà tó gbé e dúró, mo mọ̀ ọ́n. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù nìkan ló ní àyè láti sọ ohun tó wù ú. Gúdúgúdú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kẹríkẹrì ní tirẹ̀, ìṣáájú ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Tí o bá gbọ́ gúdúgúdú nìkan, wàá ní kí ló ń ṣe. Àfi tí wọ́n bá pàdé. Ẹni tó ń lu omele, ìyẹn àwọn ìlù kékeré tó ń gbe ìyáàlù, tí ó sì ń wá bí òun ṣe máa tayọ, ìlù bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fura pé gbogbo yín ń ṣe ìyáàlù.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Onílù: ọwọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gbọ́dọ̀ kó ẹwà kankan mọ́ ọn nígbà tí ègbè bá fẹ́ wọlé. Ibẹ̀ ló máa ń wu wọ́n jù láti ya igbá. Kí ó fara mọ́ ọn. Béèsì: ẹ yan gbólóhùn kan tó kúrú tó fi lè máa kọrin lé e, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín. Ìwọ onígìtá: gbólóhùn kékeré ni kí o mú, èyí tí àtàǹpàkò rẹ lè máa ṣe láìwò ó, bíi gìtá tí wọ́n ń pè ní tẹ́nọ̀ nínú ẹgbẹ́ Fela. Kò gbọ́dọ̀ yí padà. Kíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ fún ní iṣẹ́ ìyáàlù. Òun ni kí ó ké ní ibi tí Belew ti ké. Kì í ṣe pé kí ó wá nóòtì Belew kiri. Igbe ni, kí ó fi ìka kan yí ohùn náà lọ sókè títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, kí ó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ kò bá retí.

Mi ò bá Ìyá wa jiyàn, àmọ́ ìlù ni èmi máa fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ohùn. Ẹ lu ohun èlò nìkan fún ogún ìṣẹ́jú láìdáwọ́ dúró, láìsí orin. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ yóò sú yín. Ní ìkẹwàá, ẹ ó máa gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lù. Ìgbà náà ni kí ẹ ya ẹnu.

ÌyáẸlẹ́gbè (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:15 ìrọ̀lẹ́)

Àyàn, ẹ kú iṣẹ́. Fún àwọn tí wọ́n bí sínú ìlù, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ àwọn ọmọ yìí ti ń lù ú, ohùn ló ń dà wọ́n. Kí wọ́n ṣe ti ohùn ní ọjọ́ kan, kí wọ́n ṣe tiyín ní ọjọ́ kejì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí wọ́n má pa á pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọmọ_Ìlúpéjú (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:41 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun fún àtúnṣe nípa Tony Allen, Chris Frantz ni mo mọ̀ báyìí.

Kí ló burú nínú kí wọ́n lo ẹ̀rọ? Ẹ̀rọ kékeré wà tí wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀: o lu nǹkan lẹ́ẹ̀kan, á máa tún un lù fún ọ. Ohùn kẹta yẹn, kí wọ́n gbà á sínú ẹ̀ kó máa yí po.

ỌmọÀyàn (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:55 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀rọ kì í làágùn. Kí wọ́n má lò ó.

AwoÀtijọ́ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:20 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Àyàn, mo gbà pẹ̀lú yín tán pátápátá lórí omele. Lórí ẹ̀rọ, mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà. Téèpù ló jẹ́ kí ènìyàn mẹ́rin di mẹ́wàá ní Nassau, ẹ̀rọ náà nìyẹn. Ohun tí wọn ò ṣe ni pé kí ẹ̀rọ máa bá wọn tún un lù. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń lù ú léraléra, ìdí nìyẹn tí ó fi ń mí. Ewu tó wà níbẹ̀ fún onígìtá wa ni pé ẹ̀rọ kì í dúró de onílù. Tí onílù bá yára díẹ̀, tó sì máa yára torí inú rẹ̀ á dùn lọ́jọ́ náà, ohùn tó wà nínú ẹ̀rọ á ṣẹ́kù sẹ́yìn, kò sì ní sí ẹni tó lè tún un ṣe lójú èrò. Ti ènìyàn máa ń rọra bá ara wọn.

Tí ohùn mẹ́ta bá ti lè jáde lẹ́nu ìwọ, oníbéèsì àti ọmọbìnrin yẹn, kí lẹ ń fi ẹ̀rọ ṣe?

OnígìtáPeckham (Ọjọ́rú, 11:47 alẹ́)

Ẹ kú ìsinmi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ìdánrawò dé.

Ọjọ́ Àìkú la ṣe ti Ìyá Ẹlẹ́gbè nínú ilé ìdáná mi, pẹ̀lú ẹsẹ̀ nílẹ̀, títí aládùúgbò fi kan ilẹ̀kùn. Ó gba wákàtí méjì kí a tó lè ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún. Oníbéèsì ló mú ohùn alẹ́, ó bá a mu gan-an. Lónìí la ṣe ti Ẹ̀gbọ́n Àyàn. Ogún ìṣẹ́jú, mo ka aago. Òótọ́ ni pé ó sú wa ní ìbẹ̀rẹ̀, onílù wa sì fẹ́ dáwọ́ dúró ní ìṣẹ́jú kẹfà. Lẹ́yìn ìyẹn mi ò rántí aago mọ́. Mo gbọ́ ohun kan bíi agogo láàárín gìtá mi àti béèsì, mo wo yíká, kò sí agogo níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà la pa á pọ̀, bí Ìyá tilẹ̀ ní ká má tíì ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ma, ẹ fojú fò ó. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, èmi ni mo ṣubú, torí mo fẹ́ yí gbólóhùn gìtá mi padà.

Ọmọbìnrin tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù ké débi pé oníbéèsì gbàgbé láti kọrin.

Ohun kan ló kù: a ò mọ bí a ṣe máa parí rẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ dúró.

ỌmọÀyàn (Ọjọ́bọ̀, 6:30 àárọ̀)

Ẹ yan àmì kan tí onílù nìkan lè fún yín, ìró mẹ́ta lórí ìlù kékeré, tí kò ní lù níbòmíràn rárá nínú orin náà. Tí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ ka mẹ́rin, ẹ dúró. Kí ó má fún yín ní àmì náà kí àwọn àlejò tó dìde jó.

Tí ẹ bá sì ti ń gbọ́ agogo, ẹ wá ẹni tó máa lù ú láàárín àwọn àlejò.

OnígìtáPeckham (Ọjọ́bọ̀, 7:02 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọ̀kan nílé, ti ìyá wa ni. Màá pè é lónìí.